Ṣé Ìwọ Rèé Ṣá? Nígbà Tí Ayàwòrán Ya Ojú Ara Ẹ̀ Tó Gbé E Han Àwọn Ọ̀rẹ́

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sọ n'Ílé-Ifẹ̀ rèé. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀ nìkan ni mo fò.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó síwájú, mo júbà, mo tọrọ àṣẹ kí n tó yanu. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ yọ̀ǹda àwọn ọmọ yín lọ́sàn-án Sátidé tó yẹ kí wọ́n bá yín ru ẹrù lọ́jà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ kó pẹ́nsù àti ìwé dání, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín wá. Wọ́n ní kí n má lò ju wákàtí kan lọ, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìyẹn ò rọrùn fún mi, ṣùgbọ́n màá gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé fún mi ni yíya ojú ara ẹni. Mo wò ó, mo ní, ṣé màá wá máa kọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń yàwòrán bí wọ́n ṣe ń di pẹ́nsù mú ni? Rárá o. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó kọ́ yín ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yà á tán tẹ́ ẹ wá gbé e han ọ̀rẹ́. Ta ló ti ya ara ẹ̀ rí níbí? Ẹ nawọ́ sókè. Ẹ ẹ̀ rí i, ẹ pọ̀. Kí wá ni àwọn ọ̀rẹ́ yín sọ? Ẹ pariwo ẹ̀ kí n gbọ́. "Ó jọ ẹ́!" Ẹ̀hẹ́n. "Kò jọ ẹ́!" Ẹ̀hẹ́n. "Ya èmi náà!" Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín yẹn, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá wá, gbogbo ìyókù, ẹ̀ka ẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ tó bá wo àwòrán ẹ tó ní kò jọ ẹ́, onítọ̀hún ti wò ó. Èyí tó ní "ó fine gan-an" kó tó rí i délẹ̀, kò tíì wò ó. Ìgbà tó bá sì ti wò ó lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tó bá tẹnu ẹ̀ jáde, bó ti wù kó dùn ẹ́ tó, iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ fún ẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ta ló máa sọ fún un? Ẹni tó wà lẹ́yìn náà ni.

Ohun tí wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀bù

Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Lágeré, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò mọ̀ bóyá ó ti wọlé. Mo ní kó ya ara ẹ̀. Mo ní fóònù ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ o, dígí ni kó gbé síwájú. Dígí onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló lọ yá, ó fi tì í sára ògiri, ó jókòó tì í. Pẹ́nsù HB ló fi fa ìlà, HB náà ló fi ń kùn ún, torí ẹ̀rù 6B, pẹ́nsù tó rọ̀ tó sì dúdú jù ú lọ, ń bà á, ó ní dúdú ẹ̀ pọ̀ jù. Mi ò dá a lẹ́kun. Ó ṣe é títí ó parí, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo ní kó pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, mo wá ní kóun jókòó sí kọ̀nà kó má sọ nǹkan kan. Má ṣàlàyé. Má bẹ̀bẹ̀. Má sọ pé "mi ò tíì parí ẹ̀ o". Dákẹ́.

Onídìrí ló kọ́kọ́ wọlé, ó wá gba dígí ẹ̀. "Háà! Ó fine o! O gbìyànjú!" Ojú ẹ̀ ti wà lórí dígí kó tó parí gbólóhùn yẹn, ó gbé e, ó lọ. Ṣé a lè bínú sí i? A ò lè bínú. Ó ti di irun oníbàárà ẹ̀ dé ìdajì orí, ìyẹn ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yìí máa fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe?

Ẹnì kejì tó wọlé ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Òun dúró níwájú ẹ̀, ó wò ó, ó wo ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó tún wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbí o ti ń bóra ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí fajú ro, ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tó wúlò jù lọ́jọ́ náà ni ọmọ télọ̀ yẹn kọ́ wa láìmọ̀. Ọmọbìnrin yẹn dúdú, ó dúdú dáadáa, dúdú tó ń dán. HB líle, bó o bá fi kùn ún títí ilẹ̀ á fi ṣú, eérú ló máa jẹ́, kò lè dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó o bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ á kàn máa dán bí ìdí ìkòkò ni, á sì ti gbẹ́ ìwé náà. Ìwé funfun ló wá di àwọ̀ ara ẹ̀. Ìdáhùn ẹ̀ ni 4B, 6B, tàbí kó o kúkú mú èédú, torí èédú dúdú láìdán. Kó o wá kun gbogbo ojú náà dúdú kọ́kọ́, kó o fi abẹ gé rọ́bà kó ní ṣóńṣó, kó o máa fi yọ ìmọ́lẹ̀ jáde, orí imú, orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ ètè, àti àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré inú ẹyinjú. Àwa aláwọ̀ dúdú, ìmọ́lẹ̀ là ń yọ, a kì í fi òjìji kún ìwé funfun. Ìyẹn gan-an lọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe òdì ẹ̀ torí àwọn fídíò tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ọ, òyìnbó ni wọ́n ń yà nínú ẹ̀. "Àbí o ti ń bóra ni" ló gbé gbogbo èyí jáde. Ṣé ẹ rí ọ̀rẹ́?

Ẹnì kẹta ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀ wa níbẹ̀. Ó ní, "Iwájú orí ẹ dà? Ó dà bíi wípé wọ́n bẹ́ ẹ lórí látòkè." Ọ̀rọ̀ burúkú, àbí? Òótọ́ ni sá. Ẹ fọwọ́ kan àtàrí yín báyìí, ẹ fi ọwọ́ kejì kan àgbọ̀n. Ojú yín, níbo ló wà láàárín méjèèjì? Àárín gbùngbùn! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń gbé ojú sókè jù torí ojú àti ẹnu ló ká a lára, irun àti iwájú orí ò ká a lára, ó wá ń fún wọn ní ìba àyè tó bá ṣẹ́kù. Onífóònù ò kọ́ àwòrán yíyà rí láyé ẹ̀, àmọ́ ó ti ń wo orí èèyàn látọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Òun náà ló tún ṣe ohun kan tí mi ò ní gbàgbé. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe app lo fi ṣe é?" Kí n tó sọ̀rọ̀ ó ti fi àtàǹpàkò ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwòrán náà láti mọ̀ bóyá pẹ́nsù ni lóòótọ́. Ó mọ̀! Àtàǹpàkò ẹ̀ dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sì ní ìlà dúdú kan tó lọ dé etí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ọjọ́ kan á kan tiyín. Àwọn míì máa ń fi sípíréè irun fọ́n iṣẹ́ wọn kó má bàa ra, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ bó bá pẹ́ ìwé náà máa ń pọ́n, ẹni tó bá lówó kó ra èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà, ẹni tí ò bá lówó kó fi sínú fíríìmù tó ní gíláàsì, kó sì máa ṣọ́ àwọn onífóònù.

"Kì í ṣe ìwọ rèé"

Mo wá dé ibi tó ṣe pàtàkì jù. Ọ̀rẹ́ kan wà tí wọ́n jọ dàgbà ní Ìlàrè, wọ́n jọ lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yẹn wọlé, kò rẹ́rìn-ín, kò kígbe. Ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn. Ó ní, "Ó jọ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ rèé. Ó dà bí ẹ̀gbọ́n ẹ kan tí mi ò mọ̀." Èmi náà dìde. Mo ní kí ló rí? Ó ní òun ò mọ̀. Ó tún wò ó, ó ní, "Àpá ẹ! Àpá ẹ wà lódì kejì!"

Ọmọ yìí ní àpá kékeré lókè ojú òsì, ibi tó ti ṣubú lu ẹnu odi kànga nígbà tó wà ní kékeré. Tí ìwọ bá dúró níwájú ẹ̀, apá ọ̀tún ìwọ tó ń wò ó ni wàá ti rí àpá yẹn. Ṣùgbọ́n nínú dígí, ọwọ́ òsì ẹni ọwọ́ òsì náà ló wà. Ohun tó rí lójú dígí ló yà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe yẹ kó yà á, kò ṣe àṣìṣe kankan. Gbogbo ojú náà ló yí padà, kì í ṣe àpá nìkan. Ìlà tó fi pín irun, ètè tó ga lápá kan díẹ̀, ojú kan tó fẹ̀ ju ìkejì. Kò séèyàn tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ẹ̀ dọ́gba láyé yìí, ẹ lọ wò ó nílé.

Lọ́dún 1977 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ya fótò àwọn ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n tẹ fótò kọ̀ọ̀kan lọ́nà méjì, ọ̀kan bó ṣe wà gan-an, ìkejì bí ẹni pé inú dígí ni. Wọ́n bi olójú fúnra ẹ̀ pé èwo ló wù ú, wọ́n bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé èwo ló wù ú. Kí lẹ rò? Èyí tó dà bíi ti dígí ló wu ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ojú. Èyí tó wà bó ṣe wà gan-an ló wu àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ojú tó ti mọ́ kálukú lára ló dára lójú kálukú. Ìwọ tó o bá ń rò pé o mọ ojú ara ẹ ju ọ̀rẹ́ ẹ lọ, ojú tó o mọ̀ yẹn, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n, láàárọ̀, nílé, nígbà tó o bá ń fọ eyín. Gbogbo Ifẹ̀ yòókù, èkejì ni wọ́n mọ̀.

Ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ Lágeré nìkan nìyẹn. Vincent van Gogh, ayàwòrán ará Nẹ́dálándì tó lọ ń gbé nílẹ̀ Faransé, ó ya ara ẹ̀ tó bí ìgbà márùndínlógójì láàárín ọdún mélòó kan, torí kò lówó tó máa fún ẹni tó máa jókòó fún un, ó kúkú ra dígí. Ní December 1888 ló fi abẹ gé etí ara ẹ̀, etí òsì ni. Nígbà tó di January 1889 ó ya ara ẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lórí etí. Tẹ́ ẹ bá wo àwòrán yẹn, etí ọ̀tún lẹ máa pè é. Ọjọ́ pẹ́ táwọn èèyàn ti ń ṣi etí yẹn mú, dígí ló fà á. Ẹ fi ọkùnrin yìí sọ́kàn, màá padà sọ́dọ̀ ẹ̀.

Fóònù wá ńkọ́? Fóònù burú ju dígí lọ. Kámẹ́rà iwájú máa ń ṣe bíi dígí nígbà tó o bá ń wò ó, tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán àwọn fóònù míì á dá a padà, àwọn míì ò ní dá a padà, ìwọ gan-an ò ní mọ èyí tó o ń yà. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọwọ́ èèyàn ò gùn, kámẹ́rà sún mọ́ ojú ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló ń tóbi, imú ló sì wà níwájú. Imú á fẹ̀, etí á sá sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ á wò ó, á ní "imú ẹ pọ̀ níbí o", ìwọ á máa jà pé bó ṣe wà nínú fótò lo ṣe yà á. Òótọ́ lo sọ, òótọ́ lòun náà sọ. Dígí sàn jù, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ síra, kí ó tó gígùn apá ẹni méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ó jọ yín lójú ọ̀rẹ́, ẹ wá dígí méjì, ẹ gbé wọn kojú síra bí ìwé tí wọ́n ṣí ìdajì, ẹ máa rí ara yín bí àwọn èèyàn ṣe ń rí yín. Ó máa kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Ó bà mí lẹ́rù.

"Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

Èyí ni wọ́n ń sọ jù lọ. Gbogbo ẹni tó bá ya ara ẹ̀ ló máa ń gbọ́ ọ. "Kí ló dé tó o fajú ro?" "Ta ló jẹ ẹ́ lówó?" Ẹ̀rín pọ̀ lẹ́nu ọmọ tí mò ń sọ yìí, kì í dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n nínú àwòrán yẹn ó dà bí adájọ́ tó fẹ́ rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Kí ló fà á? Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò: ẹ tẹjú mọ́ etí ara yín nínú dígí kẹ́ ẹ máa fi pẹ́nsù ya gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀. Ojú á há, ètè á pa dé, iwájú orí á kó jọ. Ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ojú ẹni tó ń bínú. Ẹ̀rín ò sì ṣeé dì mú fún wákàtí mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa dùn yín, á wá di eyín gígé. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí ojú ṣe ń yí padà, kó ṣe bíi ti Rembrandt, ayàwòrán ará Nẹ́dálándì kan láyé àtijọ́, nǹkan bí ọdún 1630 ó máa ń dúró níwájú dígí, á yanu, á lajú, á rẹ́rìn-ín, á fajú ro, á sì yára gbẹ́ ẹ sórí bàbà fún títẹ̀, nǹkan kékeré báyìí. Kékeré, kíákíá. Títí tó fi kú, àwòrán tó ṣe ti ara ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ míì wà tó máa ń béèrè "ta ló ṣẹ̀ ẹ́" tí kì í ṣe àwàdà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ dúró dè mí lórí Van Gogh. Ní 1888 kan náà yẹn, kó tó di ọ̀rọ̀ etí, ó wà ní ìlú Arles lóun nìkan, ó ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ ayàwòrán, Gauguin àti Bernard, pé kí ọ̀kan ya èkejì fóun. Dípò bẹ́ẹ̀, kálukú ya ara ẹ̀, ó wá fi àwòrán ọ̀rẹ́ ẹ̀ sára ògiri lẹ́yìn. Nígbà tí ti Gauguin dé, Van Gogh wò ó, ó kọ lẹ́tà sí àbúrò ẹ̀ Theo. Kò kọ ọ́ pé ó fine. Ó ní ó dà bí ẹlẹ́wọ̀n lójú òun, kò sí ìdùnnú kankan nínú ẹ̀, ìyà ti jẹ ọkùnrin náà, kó máa bọ̀ ní Arles kó wá sinmi. Ẹ ẹ̀ rí i? Àwòrán ló wò, ara ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló béèrè. Òun náà fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí Gauguin, ó ti gé irun ẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti àwọn mọ́ǹkì ilẹ̀ Japan. Gauguin wá lóòótọ́ ní October, wọ́n jọ gbé fún bí oṣù méjì, wọ́n sì jà àjàtúká, a ti mọ bó ṣe parí. Ìyẹn ò ní kí ọ̀rọ̀ tó kọ nínú lẹ́tà má jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ tó kọ ọ́.

Nítorí náà tí ọ̀rẹ́ kan bá fà ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ojú ẹ nínú àwòrán yìí kò dùn mọ́ òun nínú, má sáré ṣàlàyé pé wákàtí mẹ́ta lo fi tẹjú mọ́ dígí. Ṣé ara ẹ le ná? Dá a lóhùn ìyẹn kọ́kọ́.

Ìyá ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yẹn náà wá wo àwòrán. Èlùbọ́ ló ń tà lọ́jà Odò-Ògbè, ó kàn yà kí wọ́n jọ lọ sílé ni. Ó gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá mi rèé." Ọmọ náà ò bá ìyá àgbà yẹn láyé. Wọn ò ní fótò ẹ̀ kankan nílé. Ẹ lè sọ pé Yétúndé ni, mi ò ní bá yín jiyàn, ilé Yorùbá la wà. Ohun tí èmi lè fi ojú iṣẹ́ ṣàlàyé ni pé tá a bá ń sọ̀rọ̀ tá à ń rẹ́rìn-ín, ojú ń rìn, ìrìn yẹn làwọn èèyàn mọ̀ mọ́ wa. Tójú bá dúró jẹ́ẹ́, egungun ló kù, egungun ló sì ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìyá ẹni wá. Èyí tí gbogbo ọ̀rẹ́ pè ní ìbínú, egungun ìyá àgbà ni.

Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀, ẹ lọ wo àwọn orí yẹn

Èèyàn mélòó ló ti wọ mùsíọ́ọ̀mù tó wà l'Ẹ́nuwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin? Ẹ má tì mí lójú o. Ọwọ́ mẹ́ta! Nínú gbogbo ìwọ̀nyí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi owó ọkọ̀ lọ wo àfihàn l'Ékòó!

Lọ́dún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé nínú agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ẹ̀yìn ààfin níbí, wọ́n kan àwọn orí idẹ. Orí tó tó èèyàn. Ẹni tó mọ wọ́n ti kú kó tó di ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ó kéré tán. Ẹ wo ẹnu wọn. Wọ́n pa á dé, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Ẹ wo ojú wọn, ó tutù. Ẹni tó ṣe wọ́n mọ ohun tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ó mọ bójú ṣe ń dúró láìbínú. Awọ ìpéǹpéjú tó wúwo díẹ̀ lókè, ètè tó yọ síta tí etí ẹ̀ sì mú, ẹ gbé pẹ́nsù yín lọ síbẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ bí àlejò kan ṣe wo irú iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1910 ará Jámánì kan, Leo Frobenius, wá síbí, ó rí àwọn orí alámọ̀ àti Orí Olókun, orí idẹ kan, èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí lára àmì yunifásítì wa yìí. Kí ló sọ? Ó ní àwọn tó wà níbí kọ́ ló ṣe é, ó ní iṣẹ́ àwọn èèyàn ìlú Atlantis ni, ìlú inú ìtàn Gíríìkì tí òkun gbé mì. Ojú àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó ń kọjá níwájú ẹ̀ lọ́jà lójoojúmọ́, kò rí i lára orí yẹn, Gíríìkì ló rí, torí Gíríìkì ló kó wá nínú orí ẹ̀ látilé. Ìyẹn náà, ó wò ó o, kò kígbe pé ó fine lásán. Nítorí náà, wíwò nìkan náà ò tó, ó kù sọ́wọ́ ohun tó wà nínú ẹni tó ń wò. Mo mọ̀ pé ó tako ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tako ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ yẹn pe ọ̀rẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ.

"Ya èmi náà"

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Látìgbà tí wọ́n ti ta àwòrán Tutù ní London ní 2018, owó tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ún, gbogbo èèyàn n'Ífẹ̀ ló fẹ́ ká ya àwọn. Ọmọ ọba Ifẹ̀ ni Adétutù Adémilúyì, Ben Enwonwu ayàwòrán ló rí i, tó sì ya èyí tí wọ́n tà yẹn ní 1974, nígbà tó ń kọ́ni ní yunifásítì níbí. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ọdún làwòrán yẹn fi sọnù kí wọ́n tó rí i nínú fúláàtì kan ní 2017. Ọ̀rẹ́ tó bá ní "ya èmi náà", ó ti wò ó nìyẹn, ó tún ti fọkàn tán ẹ. Ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ìyìn tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè. Ìwọ tó wọ búlúù.

(Ó béèrè pé tí ọ̀rẹ́ bá kàn ń bu èèyàn ńkọ́, tí kò sọ ibi tó ti bàjẹ́.)

Ìyẹn ni ẹni a ní kó fẹ́ni lójú tó fata sẹ́nu. Bi í pé "níbo?" Gbólóhùn kan péré. Tó bá nawọ́ sí ibì kan, ó ti ràn ẹ́ lọ́wọ́, bó fẹ́ bó kọ̀. Tí ò bá rí ibi nawọ́ sí, fún un ní mínírà, kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

(Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá kóun ya irorẹ́ ojú òun.)

Irorẹ́ á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó o bá fẹ́ yà á, yà á, tó ò bá fẹ́, fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹ̀. Àpá ni kó o má fi sílẹ̀. Ìlà ojú ni kó o má fi sílẹ̀. Èjí ẹ yẹn, kó o má dí i o! Ìwọ̀nyẹn làwọn ọ̀rẹ́ ẹ fi ń dá ẹ mọ̀ látòkèèrè, tí wọn ò bá rí i, wọ́n á ní kì í ṣe ìwọ, wọn ò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń wá.

(Bàbá kan béèrè iye tó yẹ kí ọ̀dọ́ ayàwòrán gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.)

Ẹ ṣé, sà. Kó san owó ìwé, kó san owó fíríìmù, kó sì wá jókòó fúnra ẹ̀, kó má fi fótò ránṣẹ́ lórí fóònù. Nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ò ní wá jókòó. Àwọn méjì tó bá wá, ẹ yà wọ́n, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àpá wọn wà.